Orílẹ̀-èdè tí Ọ̀gbẹ́ni Prosser-Vane Dá Sílẹ̀

Àwọn kan máa ń sọ pé òyìnbó kò mọ bí a ti ń fẹ̀ lórí oyè. Irọ́ ni. Wọn kò dé Aberhalen rí, ìlú èbúté ní Wales tí mo ti ń gbé láti ìgbà tí ogun Kaiser, ọba Jámánì, kò tíì bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì fojú kan Cuthbert Prosser-Vane. Bí wọ́n bá fojú kàn án, wọn ì bá ti panu mọ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ọkùnrin yìí kò ju pé kó jókòó sí yàrá kan lókè ọ́fíìsì èbúté, kó máa kọ orúkọ àwọn àjèjì tó bá ti ojú omi wọlé. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ máa ń fi ọwọ́ kan mu tíì, a sì fi èkejì kọ orúkọ. Prosser-Vane ní ìwà ọ̀lẹ nìyẹn. Ọjọ́ tó dé, ó ní kí wọ́n kan pákó sábẹ́ àga òun kó lè ga ju orí gbogbo ẹni tó bá wọlé lọ. Ó ra agogo idẹ kan. Ó sì pàṣẹ pé kí Ivor Beynon, akọ̀wé rẹ̀, máa kan ilẹ̀kùn kó tó bá òun sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ yàrá kan náà làwọn méjèèjì jọ ń lò, tábìlì Ivor kò sì jìnnà sí tiẹ̀ ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ. Nítorí náà, bí Ivor bá ní ọ̀rọ̀, á dìde, á jáde, á ti ilẹ̀kùn, á kàn án, á dúró kí agogo dún, á wá wọlé padà wá sọ pé tàdáwà ti tán. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀. Ilé Ìyá Grandison ní òpópónà Anchor ni Ivor ti ń jẹun ọ̀sán, èmi ni mo sì ń dáná níbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ kúùkù ọkọ̀ sílẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ tó kọjá ní Aberhalen tí kò kọ́kọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò mi.

Ohun tó ń pa Prosser-Vane bí òùngbẹ ni mẹ́dà, àmì ẹ̀yẹ ìjọba. Ó fẹ́ kí Ọba pè é, kó fi nǹkan kọ́ ọ láyà. Ọ̀gá àwọn panápaná ní mẹ́dà. Ọ̀gá èbúté ní méjì. Kódà, ajá ọ̀gá èbúté ní ọ̀kan, nítorí ó yọ ọmọdé kan nínú omi. Prosser-Vane nìkan ni àyà rẹ̀ ṣófo, ó sì ń dùn ún.

Àfi bí òfin tuntun ṣe dé láti Lọ́ńdọ̀n lọ́dún 1925. Òfin náà ní gbogbo atukọ̀ tí awọ rẹ̀ bá dúdú, tí kò bá ní ìwé tó fi hàn pé ọmọ abẹ́ Ọba ni, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí àjèjì. Ẹ gbọ́ ná, atukọ̀ wo ló ń gbé ìwé ìbí kiri orí omi iyọ̀? Ìwé atukọ̀ nìkan la ní, òun náà la sì ti ń gbé láyé bàbá wa, tí kò sí ẹni tó bi wá ní ìbéèrè. Nígbà ogun, tí ọkọ̀ ń rì lójoojúmọ́, kò sí ẹni tó béèrè ìlú wa ká tó sọ̀kalẹ̀ lọ síbi iná. Ogun tán, ọkọ̀ kò tó àwọn atukọ̀ mọ́, ni wọ́n bá rántí pé a dúdú.

Nígbà tí òfin yìí dé, Prosser-Vane pe àwọn ọlọ́pàá èbúté mẹ́fà jọ, ó gun orí àga rẹ̀, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀. Ó ní òun ni ilẹ̀kùn ilẹ̀ ọba. Ó ní bí òun bá sùn, ilẹ̀ ọba sùn. Ó ní ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn ọmọ ilé ìwé á máa kọ orúkọ òun lórin. Ọlọ́pàá kan sùn lọ níbi tó dúró sí. Ní ìparí, ó ní òun fẹ́ kí Aberhalen ní àjèjì ju gbogbo èbúté tó kù lọ, ìgbà náà ni Ọba á mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ bá ni Horatio Decker.

Ọmọ Sàró ni Horatio, adáná ọkọ̀, ẹni jẹ́jẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí ṣọ́bìrì tó fi ń kó èédú. Ó ti fẹ́ Gwenllian, ọmọ díákónì kan ní ìlú náà, ọdún mẹ́rin sì ti kọjá lórí ìgbéyàwó wọn. Gwen lóyún oṣù mẹ́fà nígbà náà. Kápútẹ́nì Maddock ti ṣèlérí fún Horatio pé yóò fi ṣe olórí àwọn adáná nínú ọkọ̀ Glanrhyd tó máa ṣí ní ọjọ́ Ajé kẹta nínú oṣù Keje. Irú ipò bẹ́ẹ̀ kì í dédé bọ́ sọ́wọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n Kápútẹ́nì kìlọ̀ fún un pé bí wọ́n bá fi lè kọ ọ́ ní àjèjì, ipò yẹn bọ́, owó oṣù á dínkù, èyí tó sì burú jù, bó bá lọ bí àjèjì, wọ́n lè má jẹ́ kó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Aberhalen mọ́ nígbà tó bá dé. Bí kò bá sì lọ, kí ni ìyàwó tó lóyún fẹ́ jẹ?

Ọjọ́ tí Horatio gun òkè lọ bá Prosser-Vane, Gwen bá a lọ, ó dé fìlà tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé méje ni wọ́n kó dání. Prosser-Vane gbé ìwé atukọ̀, ó ṣí i, ó rí ìrìn-àjò méjìlélógún tí wọ́n kọ “dáadáa gan-an” sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Ìwé yìí ní o ń ṣiṣẹ́ dáadáa,” ló wí. “Àjèjì náà lè ṣiṣẹ́ dáadáa.”

Ó gbé mẹ́dà ogun tí wọ́n fún Horatio lẹ́yìn tí ọkọ̀ rì lábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wò ó pẹ́ ju bó ti yẹ lọ, nítorí mẹ́dà ni. Ó ní àánú Ọba pọ̀, ẹnikẹ́ni ni Ọba lè fún ní nǹkan. Ó gbé ìwé ìrìbọmi tí wọ́n kọ ní Freetown.

“Èyí fi hàn pé ọmọ Ọlọ́run ni ọ́. Mi ò bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ló ń san owó oṣù mi.”

Bó ṣe da méjèèje nù nìyẹn. Ó wá fa fọ́ọ̀mù àjèjì jáde, ó ń kọ: orúkọ, ìga, ojú ọgbẹ́ tó wà lọ́rùn ọwọ́. Ó dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè orílẹ̀-èdè, kálámù rẹ̀ sì dúró. Ivor jáde, ó kan ilẹ̀kùn, agogo dún, ó wọlé, ó sì fi sùúrù ṣàlàyé pé bí wọ́n bá kọ Sàró síbẹ̀, abẹ́ Ọba ni Sàró wà, a jẹ́ pé ọkùnrin náà kì í ṣe àjèjì nìyẹn. Bí wọ́n bá sì fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, Lọ́ńdọ̀n á dá fọ́ọ̀mù náà padà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀. Ọlọ́gbọ́n èèyàn tó bá dé irú oríta yìí, ṣe ló máa fa fọ́ọ̀mù náà ya, á tọrọ àforíjì, á sì pe ẹni tó kàn. Ṣùgbọ́n orí àga tó ga ni Prosser-Vane jókòó sí, ó sì ṣòro kí èèyàn tibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ níṣojú obìnrin. Ó gbójú sókè àjà. Ó di ojú. Ó wá kọ ọ́ gàdàgbà: NAUTILIA. Ó ní Látìn ni, ìlú àwọn èèyàn òkun ni.

“Mi ò dé ibẹ̀ rí, sà,” Horatio wí.

“O ti wà níbẹ̀ báyìí.”

Gwen bi í pé òun ńkọ́. Prosser-Vane tẹrí ba, nítorí ó mọ bí wọ́n ti ń bá obìnrin sọ̀rọ̀. Ó ní òfin ilẹ̀ yìí ṣe kedere: ohun tí ọkọ bá jẹ́ ni ìyàwó ń jẹ́, obìnrin kò ní orílẹ̀-èdè méjì lójú òfin. Láti ìṣẹ́jú yìí lọ, ọmọ Nautilia ni, kó sì máa wá fi ara rẹ̀ hàn ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ẹ wá wo Gwenllian o, tí gbogbo baba ńlá rẹ̀ sùn sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lórí òkè, tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹni tó ń sọ ọ́ di àjèjì yìí, Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, kò sì lè fi èdè Wales tọrọ omi. Gwen tún fìlà rẹ̀ dé, ó mú ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sọ̀kalẹ̀.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Prosser-Vane ti sọ ọ́, kò ṣeé kó mọ́. Bí ó ti rí i pé àyè tó ń yọ òun lẹ́nu ti kún, ó kàn ń kọ Nautilia kiri ni. Ará Barbados dé, Nautilia. Ará Jamaica dé, Nautilia. Èmi tí wọ́n bí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Nautilia. Ó kọ ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní òpópónà Anchor gan-an, tí agbẹ̀bí rẹ̀ ṣì wà láàyè, tó sì bá a wá. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé, Nautilia ti ní ọmọ irinwó lé méjìlá. Lọ́ńdọ̀n gba àwọn fọ́ọ̀mù náà, wọ́n kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí Prosser-Vane, wọ́n sì ju àwọn fọ́ọ̀mù sínú dúrọ́ọ̀. Prosser-Vane fi gíláàsì bo lẹ́tà ọpẹ́ náà, ó gbé e kọ́ sára ògiri.

Nínú ilé ìdáná Ìyá Grandison, ọ̀fọ̀ la ń ṣe. Horatio jókòó, ó gbé káàdì àjèjì tí Prosser-Vane fún un sórí tábìlì, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ehín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀. Gwen ń bó ànàmọ́, ó ń bó o nípọn jù, mi ò sì lè bá a wí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí Glanrhyd ṣí.

Ìyá Grandison ni ó ni ilé náà. Ará Barbados ni, opó atukọ̀, obìnrin tó tóbi, tí kì í rẹ́rìn-ín síta. Inú ló ti ń rẹ́rìn-ín, ìwọ á kàn rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì. Ó gbé káàdì náà, ó kà á, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

“Kúùkù,” ó pè mí, “ìlú wo lo mọ̀ tí kò ní aṣojú ní èbúté yìí?”

Mo ní kò sí. Norway ní aṣojú. Greece ní. Kódà, Portugal tí ọkọ̀ rẹ̀ kì í dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, ó ní aṣojú kan tó ń ta wáìnì.

“Ọkùnrin yìí fún wa ní ìlú, ó sì gbàgbé aṣojú. Ìwà àìmọ̀kan ni. Ká bá a parí ẹ̀.”

Horatio ní wọ́n máa tì wá mọ́lé. Ìyá Grandison ní òun fẹ́ mọ adájọ́ tó máa dájọ́ pé òun kì í ṣe aṣojú ìlú tí kò sí. Ó ní kí àwọn tó bá fara mọ́ ọn nawọ́. Àwa mọ́kànlá tó wà níbẹ̀ la nawọ́, ọ̀bẹ ànàmọ́ sì wà ní ọwọ́ tí Gwen nà. Bí wọ́n ṣe dìbò yan aṣojú Nautilia nìyẹn, mi ò sì tíì rí ìbò tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Horatio ló kọ lẹ́tà náà, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé ilé ìwé míṣọ́ọ̀nù lẹ́wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Grandison ń pè é, a sì ń bá a fi iyọ̀ sí i. “Sí Ọlọ́lá jùlọ, Ilẹ̀kùn Ilẹ̀ Ọba, Cuthbert Prosser-Vane. Òkìkí yín ti la omi kọjá. Kí ẹ tó dé, àwọn ọmọ wa ń rìn káàkiri ayé láìmọ ibi tí wọ́n ti wá. Ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn. Ìjọba Nautilia fẹ́ fi oyè Ìràwọ̀ Òkun, Ipò Kìíní, dá yín lọ́lá. Èmi aṣojú rẹ̀ tuntun ní Aberhalen, P. Grandison, ń dúró de ọjọ́ tó bá wù yín.”

Nígbà tí lẹ́tà yìí dé, Prosser-Vane kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó kà á ní jíjókòó, ó kà á ní ìdúró, ó kà á níwájú dígí. Ivor ò lè pa á mọ́ra. Ó jáde, ó kan ilẹ̀kùn, agogo dún, ó wọlé.

“Sà, ẹ dákun. Ìlú yẹn, ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀.”

“Beynon, ẹni tó kọ́kọ́ rí Amẹ́ríkà, ṣé òun ló dá a sílẹ̀ ni?”

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Láti ọjọ́ náà lọ, ọkùnrin yìí gba Nautilia gbọ́ tinútinú. Ó ní òun ti mọ̀ látilẹ̀ pé irú orúkọ tó dára tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàìní ìlú. Ó kọ̀wé padà pé ọlá ńlá ni, ó sì pe Ọ̀gbẹ́ni P. Grandison síbi àsè ọ̀sán tí Méyọ̀, olórí ìlú, máa ń se fún àwọn aṣojú ìlú òkèèrè lọ́dọọdún. Ó dẹ tàkúté fún ara rẹ̀.

Ìlànà kan wà níbi àsè yìí tí ẹnikẹ́ni kì í rú: bí aṣojú tuntun bá wọlé, gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ni yóò dìde, wọn kò sì gbọdọ̀ jókòó títí aṣojú á fi jókòó. Prosser-Vane ti sọ fún Méyọ̀, ó ti sọ fún ọ̀gá èbúté, ó sọ fún ajá rẹ̀ pàápàá, pé èèyàn ńlá kan ń bọ̀ wá fún òun ní oyè. Ọkùnrin tó gùn, tó ní irùngbọ̀n funfun, ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ti lọ gé irun.

Ilẹ̀kùn ṣí, Ìyá Grandison wọlé.

Aṣọ dúdú tó fi sin ọkọ rẹ̀ ló wọ̀, ó lọ̀ ọ́ pẹrẹsẹ, ó dé àkẹtẹ̀ tó ní ìyẹ́ mẹ́ta, ó fi ọ̀já àwọ̀ búlúù kan sọdá àyà. Horatio tẹ̀ lé e bí akọ̀wé rẹ̀, ó gbé tìmùtìmù kékeré kan dání tí wọ́n fi aṣọ bò. Èmi wà lẹ́yìn, èmi ni mo gbé agboòrùn. Ojú Prosser-Vane funfun, ó pọ́n, ó tún funfun. Bó bá ní kò sí Nautilia, irinwó lé méjìlá káàdì tó fọwọ́ sí di irọ́ níṣojú Méyọ̀. Bó bá ní ó wà, kó dìde dúró fún obìnrin adúláwọ̀ tó ń gba àwọn atukọ̀ sílé ní òpópónà Anchor. Gbogbo wa la ń wò ó, mo sì fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín pé n kò tíì gbádùn ara mi tó bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Ó dìde. Àwọn yòókù náà dìde. Ìyá Grandison kò tètè jókòó. Ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè àlàáfíà ìyàwó wọn, ọbẹ̀ sì ń tutù. Aṣojú Norway, bàbá arúgbó kan tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa, bi í bóyá ẹja wà ní Nautilia. Ó ní ẹja pọ̀ níbẹ̀ ju èèyàn lọ. Inú bàbá náà dùn, ó ní òun á kọ̀wé sílé.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Grandison ṣí aṣọ orí tìmùtìmù. Ìdérí agolo bísíkíìtì ni Ìràwọ̀ Òkun, èmi ni mo gé e, mo fi eérú àti ọtí kíkan pa á títí ó fi ń dán gbinrin.

“Ní orúkọ àwọn ọmọ Nautilia, tí wọ́n rò pé ọmọ abẹ́ Ọba làwọn kí ọkùnrin yìí tó là wọ́n lójú,” ni Ìyá Grandison wí, ó sì gún un mọ́ ọn láyà. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Prosser-Vane fẹ́ sunkún, mi ò lè sọ bóyá ti ìtìjú ni àbí ti ayọ̀, nítorí mẹ́dà ni, òun náà sì ti ní ọ̀kan. Ọ̀gbẹ́ni kan láti ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ya fọ́tò wọn. Nínú fọ́tò náà, Prosser-Vane tẹrí ba, Ìyá Grandison ń wo ọ̀ọ́kán, èjìká rẹ̀ sì hàn bàìbàì nítorí ó ń mì.

Fọ́tò yìí ni Lọ́ńdọ̀n rí. Ẹni kan tó ga ní ipò ń mu tíì, ó ṣí ìwé ìròyìn, ó bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbo ni Nautilia wà. Ẹni yẹn bi ẹlòmíràn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, gbogbo ilé ń ṣí máàpù. Wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀, wọ́n bá irinwó lé méjìlá èèyàn. Ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n rán Ọ̀gbẹ́ni Tidmarsh wá.

Ọjọ́ Ẹtì ni Tidmarsh dé, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Glanrhyd ṣí. Ọjọ́ Ẹtì sì ni gbogbo ọmọ Nautilia ń wá fi ara wọn hàn, nítorí náà a kún yàrá, a kún àtẹ̀gùn dé ìsàlẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni Tidmarsh, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ. Ó ṣí ìwé máàpù ńlá kan sórí tábìlì Ivor.

“Ẹ dákun, Ọ̀gbẹ́ni Prosser-Vane. Ẹ fi ìka hàn mí.”

Ìka Prosser-Vane rìn láti Madeira lọ sí ìhà gúúsù, ó yà bàrá, ó dúró lórí omi.

“Kò sí nǹkan níbẹ̀,” Tidmarsh wí.

“Erékùṣù ni, sà. Ó máa ń sún.”

“Erékùṣù tó ń sún?”

“Díẹ̀díẹ̀ ni, sà.”

Tidmarsh bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó bi í pé ta ló sọ fún un. Prosser-Vane ní àwọn atukọ̀ fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀, ó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ivor Beynon bá dìde níbi tó wà. Kò jáde, kò kan ilẹ̀kùn. Ó ní irọ́ ni, Freetown ni Decker sọ, òun gbọ́ ọ, òun sì ti kọ ọ́ síbì kan. Prosser-Vane na ọwọ́ sí agogo, ó ń lù ú, ó ń lù ú, bóyá ó rò pé Ivor á padà síta.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tiẹ̀ kò tó oṣù mẹ́fà. Kí Tidmarsh tó bá a wí, Prosser-Vane tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní ìlú tó bá mọrírì òun kò lè ṣàìsí. Ó ní òun jẹ́ Ìràwọ̀ Òkun, Ipò Kìíní, ẹnikẹ́ni kò sì lè yọ òun láìsí ìyọ̀ǹda ìjọba Nautilia. Tidmarsh rọra ní kó já agolo yẹn kúrò láyà, kó sì lọ kó ẹrù rẹ̀. Ẹ kíyè sí i o: wọn kò lé e nítorí pé ó gba ìlú lọ́wọ́ wa. Wọ́n lé e nítorí pé mínísítà kan ti dárúkọ Nautilia nínú ìpàdé, ojú sì ti ti mínísítà. Ó sọ̀kalẹ̀ láàárín wa, a fún un lọ́nà, Ìyá Grandison sì kí i bí aṣojú ti ń kí ọlọ́lá. Mo gbọ́ pé wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù kan ní àríwá, níbi tó ti ń kọ iye àgùntàn tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Wọ́n ní ó ń bá àwọn àgùntàn náà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wọlé.

Tidmarsh pa ìwé máàpù dé. Ó ní gbogbo káàdì Nautilia ti di òfo, ọ̀rọ̀ náà á sì di yíyẹ̀ wò láìpẹ́. Ó ń wá àkẹtẹ̀ rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ń dúró dè é. Bí yíyẹ̀ wò bá fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́, Glanrhyd ti lọ. Horatio mọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti ṣú.

Gwen dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú oyún rẹ̀, kò ṣeé gbà kọjá.

“Sà, bí Nautilia ò bá sí, kí ni èmi?”

Tidmarsh wò ó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Ẹ̀yin, Màdáámù? Ọmọ abẹ́ Ọba ni yín. Ta ni kò ní rí i?”

“Ṣé ó dá yín lójú?”

“Ó dá mi lójú.”

“Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má baà tún yọ mí lẹ́nu.”

Ọkùnrin náà kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀. Gwen ka ìwé náà jẹ́jẹ́, ó sì fún akọ̀ròyìn tó ya fọ́tò níbi àsè, tó dúró láàárín wa, kà. Nígbà náà ló wá sọ̀rọ̀.

“Òfin yín ní ohun tí ọkọ bá jẹ́ ni ìyàwó ń jẹ́. Àbí mo purọ́? Òfin yẹn ni wọ́n fi sọ mí di àjèjì. Ẹ ti wá kọ ọ́ báyìí pé ọmọ abẹ́ Ọba ni mí. Ọkọ mi nìyí, Horatio Decker, a ti ṣègbéyàwó, ọdún mẹ́rin. Mi ò lè jẹ́ ohun tí òun ò jẹ́. Ẹ kọ tiẹ̀.”

Tidmarsh wo ìwé tó fọwọ́ sí, ó wo akọ̀ròyìn tó ń kọ nǹkan kíákíá, ó wo àtẹ̀gùn tó kún fún èèyàn. Ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé òun lè gba ìwé náà padà. Gwen ní bẹ́ẹ̀ ni, kó gbà á, kó wá sọ fún ìwé ìròyìn ìlú tí ọmọ díákónì Aberhalen ti wá. Ọkùnrin náà jókòó, ó bọ kálámù sínú tàdáwà, ó kọ tiẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, obìnrin Wales méjìlélọ́gọ́ta ti tò sẹ́yìn Gwen, oníkálùkù di ọkọ rẹ̀ mú. Ọkọ̀ ojú irin mẹ́ta ló kọjá kó tó kúrò níbẹ̀.

Àwa tí kò níyàwó tó ṣeé fi hàn, wọ́n ní ká máa ní sùúrù. A ṣì ń ní i. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ìgbéyàwó márùn-ún ló wáyé ní òpópónà Anchor, mo sì se oúnjẹ gbogbo wọn.

Ọjọ́ Ajé, Glanrhyd ṣí. Kápútẹ́nì Maddock ka ìwé Horatio, ó ní ó ti tó, kó lọ wo iná. A dúró lórí afárá títí ọkọ̀ fi kọjá ibi tí omi ti jìn. Mo ń pa àwàdà kiri, inú mi dùn débi pé mo fẹ́ jó. Mo bi Gwen pé kí ló dé tí kò rẹ́rìn-ín nígbà tó jẹ́ pé òun ló borí.

“Inú mi dùn, Kúùkù. Inú sì ń bí mi,” ló dá mi lóhùn. “Ìwé méje ni Horatio kó lọ bá wọn, wọn ò gba ẹyọ kan. Èmi ò mú nǹkan kan lọ. Ojú mi nìkan lọkùnrin yẹn wò.”

Ó fi ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ó ní ojú ta lọmọ yìí máa gbé wá báyìí. A jọ gba ọ̀nà ilé.